Orúkọ Yín Lórí Fọ́ọ̀mù

Màmá, ọdún mẹ́rin rèé tí ẹ ti lọ. Ọdún mẹ́rin! Ó dà bí àná tí ẹ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá ìkàwé, tí ẹ ń ka orí àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń wọlé, tí ẹ ń sọ fún olúkúlùkù pé kó nu ẹsẹ̀ kó tó tẹ ilẹ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ nù.

A ò wá sunkún lónìí. Ìròyìn la mú wá, torí a mọ̀ yín. Ibi yòówù kí ẹ wà, kì í ṣe ìlera wa lẹ máa kọ́kọ́ bèèrè, kì í sì í ṣe ẹni tó ti ṣègbéyàwó. Ẹ máa bèèrè pé ṣé yàrá ṣì ṣí, ṣé àwọn ọmọ ṣì ń wá.

Yàrá ṣì ṣí, Màmá! Ó ṣì ṣí, àwọn ọmọ sì ń wá. Ṣùgbọ́n ó ku díẹ̀ kó tì pátápátá, a ò ní í fi bò fún yín, ẹni tó sì dì í mú ni ẹni tí ẹ ò lérò. Bàbá ni! Bàbá, káfíńtà yín, tí wọn kì í kọ ju orúkọ oníbàárà àti ìwọ̀n pákó lọ. Bàbá kan náà tí wọ́n máa ń sọ pé fọ́ọ̀mù yín gùn ju ìwàásù lọ, tí wọ́n á sì sá lọ sí ṣọ́ọ̀bù bí ẹ bá ní kí wọ́n wá bá yín kà á.

Ẹni tí kò mọ̀ yín, tó bá ka èyí lára ògiri tí a lẹ̀ ẹ́ mọ́, kó yáa mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ sọ yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Bàbá di ibi tí àwọn ọmọ àdúgbò ń wá bí iléèwé bá ti jáde. Ọmọ mẹ́rìndínláàádọ́ta. Wọ́n á jẹun, wọ́n á ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, àwọn tí kò tíì mọ̀wé kà á jókòó ti olùkọ́ méjì tí ẹ gbà sí i. Owó tó ń gbé gbogbo rẹ̀ dúró ń wá láti ọ̀dọ̀ àwọn àjọ tó máa ń ran iléèwé àti ọmọdé lọ́wọ́. Lọ́dọọdún lẹ máa ń kọ̀wé sí wọn, ẹ̀yin nìkan. A rò pé ó rọrùn ni. Ẹ dárí jì wá!

Lọ́dún àkọ́kọ́, owó tí ẹ ti wá sílẹ̀ kí ẹ tó lọ ló bọ́ àwọn ọmọ náà dé òpin ọdún. Ẹ ti lọ, ẹ ṣì ń bọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Lọ́dún kejì, fọ́ọ̀mù tuntun dé láti ọ̀dọ̀ àjọ ńlá tó ti ń ràn yín lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, Bàbá sì pe àwa ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ sídìí kọ̀ǹpútà yín. Nọ́ọ̀sì, àkọ́bí yín, ló ń tẹ̀ ẹ́. Èmi ọmọ àárín, tí mò ń kọ èyí, ni mò ń wo iná, torí iṣẹ́ wáyà ni mo mọ̀. Àbíkẹ́yìn ń ka àwọn ìwé yín àtijọ́ fún wa ká lè mọ bí ẹ ṣe máa ń sọ ọ́.

A ń bá a lọ dáadáa títí a fi dé ibi tí wọ́n ti bèèrè orúkọ olórí ètò. Nọ́ọ̀sì gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, ó bojú wo Bàbá.

"Kọ orúkọ ìyá yín," ni Bàbá sọ.

Nọ́ọ̀sì yíjú sí èmi àti Àbíkẹ́yìn. Bàbá tún ní, "Ta ló tún lè jẹ́?"

Nọ́ọ̀sì sì kọ ọ́, Màmá. Ó kọ orúkọ yín, ó kọ nọ́ńbà fóònù yín tẹ̀ lé e. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la mọ̀ pé kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́sàn-án ni orúkọ yín fi wà níbẹ̀, ta ni kí ó fọwọ́ ara rẹ̀ pa á rẹ́? Kì í ṣe pé a fẹ́ ṣe jìbìtì. Àyà wa ò gbà á ni.

Nǹkan míì tún wà tí ẹ ò mọ̀. Fóònù yín ṣì wà lórí pẹpẹ nínú ṣọ́ọ̀bù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ìṣó, gbogbo ọjọ́ Àìkú ni Bàbá sì ń fi iná sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè ìdí rẹ̀, wọ́n á ní bátìrì rẹ̀ ló ń bà jẹ́ bí wọn ò bá fi iná sí i. Bátìrì! A ti fi wọ́n sílẹ̀.

Fóònù yẹn dún lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, nígbà tí àwọn ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jẹun. Bàbá fi ọwọ́ tí àtè tí wọ́n fi ń lẹ pákó ṣì wà lára rẹ̀ gbé e. Obìnrin kan láti àjọ yẹn ló kí wọn, ó ní ẹ̀yin lòun ń wá.

Bàbá ní ẹ ò sí nílé.

Obìnrin náà bèèrè ìgbà tí ẹ máa dé. Bàbá ní ẹ ò ní í pẹ́. Háà, Màmá! Ọkùnrin tó máa ń dá pákó padà fún oníbàárà bí èyí tó ṣẹ́ kù bá ṣe ìwọ̀n ìka kan péré! Obìnrin náà dúpẹ́, ó ní ìwé wa ti yege ní ìpele àkọ́kọ́, àti pé àwọn méjì máa wá ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ láti bá yín jókòó. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Tiwa ò rí ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ.

Ẹ wo bí ilé ṣe gbóná! Nọ́ọ̀sì ní ká pe obìnrin náà padà lójú ẹsẹ̀. Mo ní bí a bá pè é, owó ti lọ nìyẹn, yàrá á tì ní òpin sáà, torí oúnjẹ tó kù nínú àpótí ò lè kọjá bẹ́ẹ̀. Àǹtí Aránṣọ, àbúrò yín, ló wá mú ìmọ̀ràn tiwọn dé. Ẹ mọ̀ wọ́n, wọn kì í rí ihò kí wọ́n má fi aṣọ dí i.

"Ṣebí ẹ̀gbọ́n mi ni mo jọ? Kékeré ni mo ti ń jẹ ìyà ẹ̀ṣẹ̀ wọn torí pé ojú wa jọra. Ẹ gbé awò ojú wọn fún mi, kí n jókòó sórí àga wọn. Wákàtí kan péré, àwọn àlejò á ti lọ."

A rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tó yá, a ò rẹ́rìn-ín mọ́, torí a ti ń rò ó. Ọmọ mẹ́rìndínláàádọ́ta, Màmá. Bàbá ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n kàn gba ṣọ́ọ̀bù lọ.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, ọjọ́ kan ṣáájú ìbẹ̀wò, Àǹtí wá dán an wò. Àwọn ọmọ wà níléèwé. Àǹtí wé gèlè bí ẹ ṣe máa ń wé e, ẹ̀gbẹ́ kan ga ju ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n wọ awò ojú yín, wọ́n jókòó sórí àga yín, wọ́n sì tẹrí ba lórí ìwé orúkọ àwọn ọmọ. Bàbá ò mọ̀ pé wọ́n ti dé. Bàbá gbé pákó sí èjìká, wọ́n ń bọ̀ wá kan pẹpẹ ìwé tó ti ń mì. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn.

Pákó já bọ́ lórí ilẹ̀. Bàbá jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn ọmọ kéékèèké, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, wọ́n sì bú sẹ́kún.

Màmá, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi kan pósí yín. Wọ́n fá a, wọ́n mú kó dán. Létí sàréè, àwa là ń ṣubú lulẹ̀, àwọn ló ń gbé wa dìde. Fún ọdún méjì gbáko, a ò gbọ́ ọ̀rọ̀ ikú lẹ́nu wọn. Wọ́n á ní "nígbà tí ìyá yín kúrò", àfi bí ẹni pé ọ̀dọ̀ ìbátan lẹ lọ. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n tó sọ ọ́.

"Ó ti kú," ni Bàbá wí. "Ìyàwó mi ti kú. Ẹ bọ́ ọ kúrò lójú, ẹ jọ̀ọ́. Ó ti kú."

Àǹtí bọ́ awò ojú, wọ́n kúnlẹ̀ ti Bàbá, àwọn méjèèjì sì sunkún títí. Èmi dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú wáyà lọ́wọ́, mi ò mọ ibi tí màá gbé e sí.

Ní Ọjọ́bọ̀, àwọn àlejò méjì dé, obìnrin tó pè lórí fóònù àti ọkùnrin kan tó ń ka iye fèrèsé. Àwọn àlejò ò tíì jókòó tí Bàbá fi sọ tẹnu wọn.

"Ẹ má bínú. Ẹni tí ẹ wá rí ti kú láti ọdún méjì. Èmi ni mo ní kí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, èmi náà ni mo sọ lórí fóònù pé kò sí nílé. Gbogbo ohun tí a kọ nípa àwọn ọmọ, òótọ́ ni, ẹ dúró kẹ́ ẹ rí wọn. Irọ́ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, èmi ni mo pa á."

Obìnrin náà fi bírò sílẹ̀. Kò bínú. Ó dúró títí àwọn ọmọ fi dé, ó jókòó tì wọ́n, ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kàwé. Nígbà tó ń lọ, ó di ọwọ́ Bàbá mú fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́tà wọn dé. Wọ́n ní àwọn ò lè tẹ̀ síwájú pẹ̀lú ìwé tí a fi orúkọ ẹni tó ti kú kọ, ká tún gbìyànjú ní ọdún míì. A ò bá wọn jà. Ẹ̀bi wa ni.

Ọdún kẹta le, Màmá. Ó le! Ọ̀kan nínú olùkọ́ méjèèjì rí iṣẹ́ síbòmíì, a ò dá a lẹ́bi. Èkejì ní òun á máa wá lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ títí Ọlọ́run á fi dá sí i. Oúnjẹ di búrẹ́dì, nígbà míì búrẹ́dì gbígbẹ, títí àwọn òbí fi pín ọjọ́ láàárín ara wọn láti máa se nǹkan wá. Bàbá ta ẹ̀rọ ìfági ńlá wọn, èyí tí wọ́n máa ń nù bí ọmọ, wọ́n padà sídìí èyí tí wọ́n ń fọwọ́ tì. Kò sí ọmọ kan tí a lé padà. Kò sí ọ̀kan ṣoṣo!

Bàbá wá ní àwọn máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ fọ́ọ̀mù. Ẹ̀ bá wà níbẹ̀! Wọ́n ra ìwé àkọsílẹ̀, wọ́n lọ jókòó sẹ́yìn àwọn ọmọ tó ń kọ́ bí a ṣe ń kọ àròkọ, Àbíkẹ́yìn yín ló sì ń máàkì fún wọn. Nínú àròkọ wọn àkọ́kọ́, wọ́n ròyìn yàrá náà ní ojú ewé méjì: gígùn rẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀, irú pákó tó wà lára fèrèsé àti ìdí tí pákó yẹn ò fi ní í jẹrà. Ní ìlà tó kẹ́yìn, wọ́n kọ ọ́ pé, "Àwọn ọmọ wà nínú rẹ̀." Àbíkẹ́yìn fún wọn ní mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Bàbá bèèrè ohun tí wọ́n fi gba mẹ́ta ọ̀hún, ó ní fún ìmọ́tótó ni.

Wọ́n ya á, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́sàn-án gbogbo, wọ́n á pa iṣẹ́ tì, wọ́n á wá jókòó ti ọmọ kan, wọ́n á máa kọ ohun tí ojú wọn rí. Ẹnì kan júwe ọkùnrin kan tó ń fi kíkọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ jẹun fún wa. Ó dé, ó wo àwọn ọmọ yí ká, ó ní aṣọ wọn mọ́ jù, ká wá àwọn tó ya fún fọ́tò, ká sì kọ ọ́ pé wọn ò ní bàbá. Bàbá na ọwọ́ sí ọmọ tó jókòó níwájú, wọ́n ní, "Bàbá èyí ló kan ilẹ̀kùn tí ẹ gbà wọlé, èmi àti ẹ̀ la jọ kàn án." Wọ́n sìn ín dé títì tẹ̀rín tẹ̀rín, wọn ò sì pè é mọ́.

Bí ẹ ṣe máa ń ṣe náà ni wọ́n ṣe. Ìwé tó bá sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ, àwọn ọmọ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Bàbá dúró níwájú wọn, wọ́n ka ohun tí wọ́n kọ. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ní ọmọbìnrin kan ò mọ lẹ́tà kankan nígbà tó dé, Oníbéèrè, ọmọ tó ń yọ yín lẹ́nu pẹ̀lú "kí ló dé" lójoojúmọ́, na ọwọ́ sókè.

"Bàbá, mo mọ mẹ́fà nígbà yẹn o."

Bàbá bẹ̀ ẹ́, wọ́n sì kọ mẹ́fà.

Àjọ mẹ́fà la kọ̀wé sí. Mẹ́rin ò dáhùn. Méjì kí wa kú iṣẹ́, wọ́n gbàdúrà fún wa, wọn ò fún wa ní nǹkan kan. Bàbá fi ìṣó kan lẹ́tà méjèèjì mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù. Mo ní ká jáwọ́ díẹ̀, ká sinmi. Wọ́n ní mélòó nínú ìṣó tí àwọn ti kàn láyé ló wọlé pẹ̀lú òòlù ẹ̀ẹ̀kan. Mo lọ tan kọ̀ǹpútà.

Èkeje jẹ́ àjọ kékeré kan tí a ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Nígbà tí a dé ibi orúkọ olórí ètò, Nọ́ọ̀sì fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Bàbá ní kó dìde. Wọ́n jókòó síbẹ̀ fúnra wọn, wọ́n fi ìka kan wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀, wọ́n sì tẹ orúkọ ara wọn. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ parí, Màmá, kò sí àṣìṣe kan nínú rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá la fi dúró. Nígbà tí lẹ́tà dé, Bàbá ò kà á tán. Wọ́n gbé e wọ yàrá ìkàwé, wọ́n nà án sí Oníbéèrè, wọ́n ní kó kà á sókè. Ó kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan, ó padà, ó tún un kà, ó ń bá a lọ. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n gbà láti fi ràn wá lọ́wọ́! Oúnjẹ, ìwé, owó olùkọ́ méjì! Ariwo tó sọ nínú yàrá yẹn, bóyá ẹ gbọ́ ọ. Olùkọ́ tó dúró tì wá gbé apá lérí, ó sunkún, ó rẹ́rìn-ín.

Ọmọ mọ́kànlélọ́gọ́ta ló ń wá báyìí. Oníbéèrè ló ń kàwé fún àwọn kéékèèké lọ́jọ́ Ẹtì, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi òun ní ìbéèrè tí òun bá ń kà á lọ́wọ́! Nọ́ọ̀sì ti bímọ obìnrin, iwájú orí rẹ̀ ni tiyín gan-an. Àbíkẹ́yìn ti wọ iléèwé àwọn olùkọ́ni. A ò tíì ra ẹ̀rọ ìfági padà, Bàbá ní èyí tí wọ́n ń fọwọ́ tì ń jẹ́ kí ikùn àwọn wọlé. Irọ́ ni, ikùn náà ṣì wà níbẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, Bàbá ò sì mọ̀ pé a máa sọ ọ́ fún yín. Ní ìparí fọ́ọ̀mù tó yege yẹn, àjọ náà bèèrè ohun tó mú olórí ètò dáwọ́ lé iṣẹ́ yìí. Wọ́n fi àyè ọ̀ọ́dúnrún ọ̀rọ̀ sílẹ̀. A rò pé Bàbá máa kọ ti àdúgbò, ti iléèwé tó kún jù, ti gbogbo ohun tí wọ́n ti fi ọdún kan gbáko kọ́. Wọ́n wá tẹ̀ ẹ́ pé, "Ìyàwó mi ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀."

Nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá, àyè ṣì pọ̀ níbẹ̀ o."

Bàbá kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n ní, "Ó ti tán. Fi ránṣẹ́."

A fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀, Màmá. Àárò yín ń sọ wá lójoojúmọ́. A fẹ́ràn yín.